Kí Ni Ó Di Irin Mú Nínú Kọnkéré?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń gbé ní agbègbè Peckham Rye yìí ni ó ní ilé kan tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní ilé, tàbí èyí tí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wa ń kọ́ tí àwa náà ń dá owó sí. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, a ó gba Rye Lane kọjá, a ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé nínú owó tí a rí níbi iṣẹ́ alẹ́. Kì í pẹ́ tí àwòrán fi ń dé sórí fóònù: sìmẹ́ńtì rèé, irin rèé, yanrìn ọkọ̀ méjì, òkúta wẹ́wẹ́ ọkọ̀ kan. A ó ka àpò sìmẹ́ńtì, a ó ka irin, ọkàn wa yóò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í hàn nínú àwòrán, tí oníṣòwò kankan kì í tà, tí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ó mú kí dẹ́kìn dúró lókè orí àwọn tí ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun náà ni bí irin àti kọnkéré ṣe di ara wọn mú. Àwọn ẹnjiníà ń pè é ní bond. Àwa yóò máa pè é ní ìdìmú níhìn-ín.

A fẹ́ kí ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lè ka ọ̀rọ̀ yìí kí ó sì yé e, nítorí ilé kì í bi ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ léèrè ohun tí ó kọ́ ní yunifásítì kí ó tó wó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Bí a bá kúrò ní pápá Peckham Rye, tí a bọ́ sí Lordship Lane tí a sì ń lọ sí ìhà gúúsù, a ó bá ilé àtijọ́ kan ní nọ́ńbà 549 tí wọ́n ń pè ní Concrete House. Ilé iṣẹ́ Charles Drake ni ó kọ́ ọ lọ́dún 1873. Kọnkéré lásán ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, láìfi irin ṣe egungun fún un bí a ti ń ṣe lónìí. Ilé náà dahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe, síbẹ̀ ògiri rẹ̀ kò lọ ibì kan, nítorí pé iṣẹ́ ògiri ni kí ẹrù tẹ̀ ẹ́ láti òkè, kọnkéré sì mọ ẹrù gbà. Ohun tí kọnkéré kò lè fara dà ni kí a máa fà á. Agbára rẹ̀ nígbà tí a bá ń fà á kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Bí a bá gbé kọnkéré lásán dùbúlẹ̀ láti orí òpó kan dé orí òpó kejì, tí a sì di ẹrù lé e, apá òkè rẹ̀ ni ẹrù yóò máa tẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni yóò máa fà, abẹ́ náà ni yóò sì kọ́kọ́ là. Ẹni tí ó bá ti fi orúnkún dá igi gbígbẹ rí mọ ohun tí à ń sọ: apá ìta ni ó máa ń kọ́kọ́ ya. Ibi tí ó ti ń fà yẹn ni a ṣe ń fi irin sí.

Ṣùgbọ́n fífi irin sínú kọnkéré kò tíì sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Bí a bá fi òróró pa irin dídán lára, tí a sì da kọnkéré bò ó mọ́lẹ̀, irin wà níbẹ̀ lóòótọ́, owó rẹ̀ sì ti lọ. Nígbà tí ẹrù bá dé, kọnkéré yóò là, irin yóò sì kàn máa yọ̀ nínú ihò rẹ̀ bí idà nínú àkọ̀. Irin kò lè ran kọnkéré lọ́wọ́ àfi bí kọnkéré bá lè fà á.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìdánwò wádìí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ní nọ́ńbà 99 Southwark Street, nítòsí London Bridge, ni David Kirkaldy ṣí ilé ìdánwò rẹ̀ sí lọ́dún 1874. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 47 lọ, òun ni ó fi ń fa irin títí yóò fi já, tí ó sì fi ń tẹ òkúta títí yóò fi rún. Wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sókè ẹnu ọ̀nà ilé náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé òótọ́ tí a fojú rí ni à ń wá, kì í ṣe èrò ọkàn ẹnikẹ́ni. Ilé náà àti ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà, ó ti di mùsíọ́ọ̀mù.

Kirkaldy ni ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Thaddeus Hyatt gbé iṣẹ́ fún pé kí ó bá òun dán àwọn bíìmù kọnkéré tí a fi irin sí nínú wò. Lọ́dún 1877 ni Hyatt tẹ ìwé jáde ní London lórí ohun tí wọ́n rí. (Ọkùnrin yìí tún yẹ ní mímọ̀ fún ìdí mìíràn. Ó wà lára àwọn tí ó gbógun ti ìfinisẹ́rú ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n ní Washington lọ́dún 1860 nítorí pé ó kọ̀ láti jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ Senate tí ó ń wádìí ọ̀rọ̀ John Brown.) Ó fi hàn pé bí ooru bá mú wọn, irin àti kọnkéré máa ń gùn ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lónìí, a mọ̀ pé fún ìwọ̀n Celsius kan, irin ń gùn ní nǹkan bí ìdá 12 nínú mílíọ̀nù, kọnkéré ní nǹkan bí ìdá 10. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn Ìbàdàn nìkan ì bá ti yà wọ́n nípá. Hyatt tún rí i pé ó yẹ kí ara irin ní kókó kí kọnkéré lè rí ibi dì mú. Lọ́dún 1884 ni Ernest Ransome gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí irin onígun mẹ́rin tí a lọ́ bí okùn, ìdí kan náà ni ó sì ṣe lọ́ ọ.

Báwo wá ni ìdìmú yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni pé sìmẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ irin bí àtè. Èyí kò lágbára púpọ̀, bí irin bá ti sún díẹ̀ báyìí ó ti tán. Èkejì ni pé ara irin ń ha ara kọnkéré bí ó ti ń gbìyànjú láti yọ̀. Irin dídán kò ní ju méjèèjì yìí lọ. Ẹ̀kẹta ni ti irin tí ó ní kókó lára, èyí tí gbogbo wa mọ̀ níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, òun sì ni ó lágbára jù. Kókó kọ̀ọ̀kan á ti ẹsẹ̀ mọ́ kọnkéré tí ó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni tí ń gun ọ̀pẹ ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ ara igi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ibẹ̀ náà ni ó sì ti léwu. Lọ́dún 1971, Goto, onímọ̀ kan láti Japan, gbé iṣẹ́ kan jáde tí a kò lè gbàgbé. Ó fa irin tí ó wà nínú kọnkéré, ó fi yíǹkì sínú rẹ̀ nígbà tí irin ṣì ń fà, lẹ́yìn náà ni ó la kọnkéré náà sí méjì láti wo inú rẹ̀. Yíǹkì ti wọ gbogbo ibi tí ó sán. Ó rí i pé láti ẹsẹ̀ kókó kọ̀ọ̀kan ni ojú sísán kékeré kan ti ń lọ ní ìdagẹ̀rẹ̀ wọ inú kọnkéré. Èyí ni pé kókó irin kì í ti kọnkéré síwájú nìkan, ó tún ń tì í síta yíká, gẹ́gẹ́ bí wẹ́ẹ̀jì tí à ń gbá wọ inú igi kí ó lè là. Lọ́dún 1973, Tepfers ní Göteborg, Sweden, sọ èyí di ìṣirò: ó ní kí a wo kọnkéré tí ó yí irin ká bí òrùka nípọn kan tí nǹkan ń ti láti inú. Bí òrùka náà bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, yóò là gbọnrangandan, irin yóò sì tú sílẹ̀ láìjẹ́ pé irin ṣẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ ìdí tí ẹnjiníà fi máa ń pariwo lórí nǹkan tí bíríkìlà kà sí kékeré. Kọnkéré tí ó wà láàárín irin àti ìta, tí ó máa ń jẹ́ 25 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹ̀wù tí a kàn fi bo irin kí ìpáàrà má bà á. Òun gan-an ni òrùka náà. Bí àwọn lébìrà bá jẹ́ kí irin sùn sórí pákó káfíńtà, tí wọn kò fi òkúta kékeré tì í lábẹ́, kò sí òrùka lápá ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ìdìmú níbẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe ìṣirò nínú wa yóò fẹ́ nọ́ńbà. Duff Abrams ní Yunifásítì Illinois ti fa irin yọ nínú kọnkéré lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1913, ó ń wọn bí irin ṣe ń yọ̀ sí bí agbára tí ó fi fà á ṣe ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà kan náà ni a ṣì ń tọ̀. Èyí tí a sábà máa ń lò nínú kọ̀ǹpútà ni ti Eligehausen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley lọ́dún 1983, tí Model Code ti ọdún 1990 sì gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí a mú kọnkéré tí agbára rẹ̀ jẹ́ 25 níútìn lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn irin tí a yí po, tí àwọn awọ́rin ń pè ní ríìngì, bá fún irin náà mọ́ra dáadáa, ìdìmú rẹ̀ yóò máa gòkè títí yóò fi dé 12.5 níútìn nígbà tí irin bá ti yọ̀ ní mìlímítà kan. Kò tilẹ̀ dúró di ìgbà náà kí ó tó ṣiṣẹ́: nígbà tí irin bá yọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà péré, ó ti rí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára náà. Yóò dúró lórí 12.5 títí dé mìlímítà mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni yóò rọra máa rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní rẹ̀ kọjá 5.

Bí kò bá sí ríìngì ńkọ́? Ìdìmú náà yóò dé 10 nígbà tí irin bá yọ̀ ní 0.6 mìlímítà, ojú ẹsẹ̀ ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Kí irin tó yọ̀ dé mìlímítà kan, ó ti di 1.5. Ẹ tún un kà. Ní ti agbára gíga jù lọ, ìyàtọ̀ láàárín 12.5 àti 10 kò dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n òpó tí ó ní ríìngì yóò kìlọ̀: yóò sán, yóò tẹ̀, àwọn ènìyàn yóò rí àyè sá. Èyí tí kò ní in kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ríìngì sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń dín kù bí owó bá fẹ́ tán.

Níbi tí ìdìmú ti ń bọ́ sínú àpò wa ni ibi tí irin kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Irin méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjá lára ara wọn. Wáyà tín-ín-rín tí awọ́rin fi so wọ́n kò gbé ẹrù kankan, ó kàn mú wọn dúró kí kọnkéré tó dé ni. Ìdìmú nìkan ni ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ irin kìíní fún èkejì. BS 8110, ìwé òfin ilé kíkọ́ tí àwọn ará Britain gbé jáde lọ́dún 1985 tí àwọn ẹnjiníà ilé wa sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, fún wa ní ọ̀nà tí a lè fi ṣírò rẹ̀. Fún irin oníkókó tí agbára rẹ̀ jẹ́ 410 nínú kọnkéré 25, ìdìmú tí a lè gbára lé jẹ́ 2.5 níútìn, gígùn tí a nílò sì jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 36 ìbú irin. Bí irin bá jẹ́ 16 mìlímítà, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 57 nìyẹn. Àwọn ibì kan tilẹ̀ wà tí ìwé náà ní kí a sọ ọ́ di ìlọ́po 1.4 tàbí ìlọ́po méjì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a rò ó bí ó ṣe sábà máa ń rí. Oòrùn mú, kọnkéré le lábẹ́ ṣọ́bìrì, àwọn lébìrà sì fẹ́ tètè parí iṣẹ́, ni wọ́n bá bu omi sí i kí ó lè rọ̀. Kọnkéré tí a ṣírò sí 25 wá di 10. Bí a bá fi ọ̀nà ìṣirò kan náà wò ó, ìdìmú rẹ̀ kò ju 1.58 lọ mọ́, gígùn tí irin nílò sì ti di ìlọ́po 56, èyí tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 90. Irin ti wà níbẹ̀, ó ti kúrú, kò sì sí ẹni tí yóò tún un tò. Páànù omi mẹ́ta péré ni ó fi sẹ̀ǹtímítà 33 ṣòfò níbi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Omi yìí tún ń ṣe iṣẹ́ ibi mìíràn. Bí kọnkéré bá ṣàn jù, omi inú rẹ̀ máa ń gòkè bí ó ti ń sinmi, yóò sì dúró sí abẹ́ àwọn irin tí ó wà lókè bíìmù. Nígbà tí ó bá gbẹ, òfìfo ni yóò kù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé òfin Yúróòpù fi ń dín ìdìmú irin òkè kù sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún nínú bíìmù tí ó ga. Àwọn irin òkè wọ̀nyí ni wọ́n sì ń gbé bàkónì dúró, bàkónì tí àwa Yorùbá fẹ́ràn láti jókòó sí nírọ̀lẹ́.

Ní ti ìpáàrà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín jù. Irin tí ó kàn pọ́n díẹ̀ lára kò burú, ó tilẹ̀ lè dì mú ju èyí tí ó ń dán lọ. Èyí tí ó ń họ bí èèpo igi ni kí ẹ má gbà. Ìpáàrà tí ó bá mú irin lẹ́yìn tí kọnkéré ti gan ni ó burú jù, nítorí pé ìpáàrà máa ń gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ, yóò sì máa ti òrùka náà síta títí yóò fi là. Yanrìn etí òkun tí a kò fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni ó ń pe irú rẹ̀ wá.

Ẹ má sì rò pé àwọn ará ilé wa nìkan ni ó máa ń gbàgbé pé ohun tí a gbé lé ara wọn kò tíì di ọ̀kan. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, gáàsì bú gbàù ní àjà kejìdínlógún Ronan Point, ilé alájà 22 kan ní Newham, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí àwọn ènìyàn kó wọ inú rẹ̀. Gbogbo igun ilé náà láti òkè dé ilẹ̀ ni ó ya lulẹ̀, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Pátákó kọnkéré ńláńlá tí a ṣe sílẹ̀ ni wọ́n tò léra, ìwúwo wọn ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí wọ́n ń tú u palẹ̀ lọ́dún 1986, wọ́n rí òfìfo níbi tí ó yẹ kí àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì ti kún dáadáa.

Àbúrò ilé yẹn ti wà ní Peckham rí. Ilé gogoro mẹ́rin tí wọ́n kọ́ sí Ledbury Estate, létí Old Kent Road, alájà 13 ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi kọ́ wọn. Lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí iná ti jó Grenfell, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ń fi ojú sísán ara ògiri wọn han àwọn aláṣẹ, tí àyè rẹ̀ fẹ̀ débi pé a lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n pa gáàsì gbogbo ilé náà lójijì, nítorí wọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àtúnṣe tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìgbà Ronan Point wáyé. Ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá. Ìdílé tó pọ̀ ń se oúnjẹ níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ọmọ wa sì wà lára wọn.

Ní ti Èkó, a mọ ọjọ́ wọn. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue ní Ìkọ̀tún, ènìyàn 116. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ ní Ìta Fáájì. Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 ní Gerrard Road, Ìkòyí, ó lé ní ogójì ènìyàn. A kò sọ pé ìdìmú ni ó wó èyíkéyìí nínú wọn. Nǹkan púpọ̀ ni ó máa ń pàdé kí ilé tó wó. Ohun tí a ń sọ ni pé ìdìmú wà lára ohun tí ẹnikẹ́ni kì í rí àfi lẹ́yìn tí ilé bá ti wó, nígbà tí irin bá yọ sílẹ̀ láàárín àlàpà, ní mímọ́ tónítóní, láìsí ẹ̀rún kọnkéré kan lára rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé àṣekágbá lórí èyí, a ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ni ó máa ń gbà láìbéèrè pé irin àti kọnkéré kò lè yọ̀ lára ara wọn rárá. Àwọn tí ó sì gbà pé wọ́n lè yọ̀ ń lo nọ́ńbà tí a rí láti ara irin Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù. Púpọ̀ nínú irin tí a ń tà ní ilé wa ni a yọ́ láti ara àlòkù irin, kókó ara wọn kò sì dọ́gba. Kí ẹnìkan nínú wa gbé irin láti Ọ̀jà Ọba tàbí Mushin wá sí ilé ìdánwò, kí ó fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí Abrams ti ṣe, kí a lè ní nọ́ńbà tiwa.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán ibi tí irin méjì ti kọjá lára ara wọn, pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí kọnkéré tó dé. Ẹ ní kí wọ́n ya ti òkúta tí ó gbé irin kúrò lórí pákó. Bí bùọ̀dá tí ń bá yín mójú tó iṣẹ́ bá ní awọ́rin ti ṣe é fún ogún ọdún, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì tún béèrè àwòrán náà. Ní Èkó, ilé ìdánwò ìjọba ìpínlẹ̀ wà tí ó ń dán irin àti kọnkéré wò. Bí kò bá sì sí ilé ìdánwò nítòsí, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kòkó tó. Irin 12 mìlímítà tí ó gùn ní mítà 12 gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bí kílò 10.7. Bí ó bá wọn kílò 8.5, irin 10.7 mìlímítà ni wọ́n tà fún yín ní owó 12, kí wọ́n dá a padà kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀.